A Yí Orúkọ, A Ò Yí Oríkì

Ẹni tó bá ti Òkè-Ògùn dé, iyán ló máa ń kọ́kọ́ sọ. Èmi náà á sọ ti iyán, nítorí mo jẹ ẹ́ ju bó ti yẹ ẹni tó lọ ba ilé onílé jẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará Ìbàdàn tí ẹ ń dá mi dúró lójú ọ̀nà láti béèrè bí ọ̀hún ti rí, tí ẹ ti gbọ́ pé eré wa mi ìlú tìtì, ẹ jókòó ná. Ohun tó mì kì í ṣe ìlú. Obìnrin kan ni, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, a sì mì ín títí ó fi bọ́ kúrò nílé ọkọ rẹ̀.

Orúkọ tí n óò máa pè é níbí kì í ṣe orúkọ rẹ̀. N kò ní dárúkọ ìlú náà, ju pé kò jìnnà sí Ògbooro lọ. A ti tú u síta lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan náà ti tó.

*

Ìṣẹ́yìn la kọ́kọ́ dé. Ẹgbẹ́ òṣèré wa kì í ṣe irú èyí tí ẹ mọ̀, tí bàbá kan á fi ikùn ńlá pa yín lẹ́rìn-ín. Tiwa jẹ́ ti àwọn ọ̀mọ̀wé. A kì í lo pèpéle, a kì í lo iná, a kì í sì í rẹ́rìn-ín. Olùdarí wa, tí gbogbo wa ń pè ní Dókítà, gbà pé òǹwòran tó bá gbádùn eré, a ti rẹ́ ẹ jẹ nìyẹn. Ìwé tí ẹnì kan kò bá tíì bínú sí, kì í ṣí i wò. Èyí tí a gbé dání lọ́tẹ̀ yìí kún ojú ìwọ̀n: ìtàn àròsọ kan tí àwọn pásítọ̀ bú, tí àwọn àáfà bú, tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan sì kó kúrò níbi ìkówèésí wọn. Nínú rẹ̀, ìyá arúgbó kan jókòó lórí ẹní, ó sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé àkọ́bí wọn kì í ṣe ọmọ bàbá wọn. Gbogbo ìwé náà kò ju ìyẹn lọ. Èmi ni mo sọ ọ́ di eré. Yunifásítì ti kọ́ mi láti fi gbogbo nǹkan ṣẹ̀fẹ̀. Kò kọ́ mi ní iṣẹ́ mìíràn.

Inú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan la ti ṣe é. Àwọn òṣèré fi eérú kun ara, wọ́n dùbúlẹ̀ pẹ́ títí láìsọ̀rọ̀. Àwọn ahunṣọ pọ̀ nínú òǹwòran, wọ́n sì ń wò wọ́n pẹ̀lú sùúrù ẹni tó ń fi òwú kọ̀ọ̀kan ṣe aṣọ. Nígbà tí Àbẹ̀ní, òṣèré wa tó ń ṣe ìyá arúgbó náà, sọ gbólóhùn burúkú yẹn, obìnrin kan lẹ́yìn mi mi orí, ó sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Nígbà tó parí, bàbá ahunṣọ kan di Dókítà lọ́wọ́ mú, ó bi í jẹ́jẹ́ bóyá àwọn ọmọ yẹn ti jẹun láti àárọ̀, nítorí awọ ara wọn kò dán. Kí a tó dá a lóhùn, wọ́n ti ń gúnyán lẹ́yìnkùlé.

Iyán náà funfun, kò ní kókó kan, ó ń fà bí ẹni pé kò fẹ́ fi ara rẹ̀ sílẹ̀. A jẹ ẹ́ títí a fi ń mí hẹlẹ. Dókítà nìkan ni kò fọwọ́ kàn án. Ó jókòó sí igun bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Kò sẹ́ni tó bínú sí i. Wọ́n tilẹ̀ fún un lóúnjẹ.

Lọ́jọ́ kejì ó kó wa jọ, ó ṣàlàyé ibi tí a ti ṣìnà. Ìtàn inú ìwé, ti ẹni tí kò sí ni. Ta ni yóò bínú nítorí ẹni tí kò sí? Láti ìsinsìnyí lọ, ìlú tí a bá dé, kí a wá ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní ti òdodo, kí a fi sẹ́nu àwọn ẹni inú ìwé. Ó sọ ọ́ lórúkọ: òtítọ́ ìlú. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Mo sì kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí èmi ni akọ̀wé.

*

Lẹ́yìn Ìṣẹ́yìn, igbó fà sẹ́yìn, ọ̀dàn bẹ̀rẹ̀. Igi emi dúró níbí, igi irú dúró lọ́hùn-ún, bí àwọn tó ti bá ara wọn jà. Àpáta kàn ń yọ láti inú ilẹ̀ pẹ̀lẹ́bẹ láìkìlọ̀ fún ẹnì kan. Ọyẹ́ mú. Ó la ètè gbogbo wa, ikọ́ sì bá Àbẹ̀ní, kò fi í sílẹ̀ mọ́.

Ní Ṣakí mo bi ọkùnrin kan lọ́nà. Ó kí mi kú ọ̀nà, ó kí mi kú ọyẹ́, ó béèrè àwọn ará ilé mi, ó béèrè bóyá òjò tètè dá lọ́dọ̀ wa lọ́dún yìí, lẹ́yìn náà ló wá sọ pé òun kò mọ ibẹ̀. Ó pe ẹlòmíràn fún mi. Ẹni náà tún bẹ̀rẹ̀ láti orí kíkí. Mo ra wàrà lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní kan. Mo la ẹnu, èdè Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí mi mọ́ sì jáde, obìnrin náà ní kí n tún un sọ kí ọmọ òun náà gbọ́. Gbogbo wa la jọ ń sọ Yorùbá, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, Fúlàní ló ń fi Yorùbá mi rẹ́rìn-ín. N kò ní àwáwí.

A dé ìlú tí n kò dárúkọ yẹn lọ́sàn-án. Tíṣà kan tó jẹ́ ọmọ ìjọ ló gbà wá sílé. Ó ti ka ìwé náà, ó kórìíra rẹ̀ tọkàntọkàn, ó sì kó jáde kúrò nínú yàrá ara rẹ̀ kí a lè rí ibi sùn sí. Mo ti bá ọ̀pọ̀ olóye jókòó ní Ìbàdàn tí wọ́n fẹ́ràn ìwé náà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè fún mi ní ẹní.

*

Agbo ilé ńlá kan kọjú sí ti Tíṣà. Níbẹ̀ ni Ìyá Ràúfù wà. Ọkọ rẹ̀ ti kú láti bí ọdún mélòó kan, wọ́n sin ín sí iwájú ilé, wọ́n fi símẹ́ńtì tẹ́ ẹ lójú. Ràúfù nìkan ni ọmọ tó bí. Àgbẹ̀ oníṣu ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ẹni jẹ́jẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi. Baálé agbo ilé náà ti papò dà, ojúulé ti bàbá Ràúfù ló kàn láti fi ẹni jẹ, kò sì sí ọkùnrin mìíràn ní ojúulé náà ju Ràúfù lọ. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ gbé e jókòó. Ìyá rẹ̀ ti ń bó ẹ̀gúsí tí wọn yóò fi se ọbẹ̀ ọjọ́ náà.

Àbẹ̀ní lọ bá a bó ẹ̀gúsí. Ìyá kò ní ọmọbìnrin, Àbẹ̀ní kò sì ní ìyá mọ́. Ọ̀rọ̀ wọn wọ̀. Ìyàwó ilé ló máa ń mọ oríkì ilé ọkọ ju àwọn ọmọ ilé fúnra wọn lọ, Ìyá Ràúfù sì mọ ti ilé ọkọ rẹ̀ dé gbòǹgbò. Ó fi kọ́ Àbẹ̀ní lọ́sàn-án mẹ́ta, ẹ̀gúsí nínú igbá láàárín wọn. Ó dùn gan-an. N kò ní kọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ síbí.

Lọ́jọ́ kẹta Àbẹ̀ní sọ ìtàn inú ìwé náà fún un. Ìyá ní ìyá inú ìwé yẹn kò gbọ́n. Kí ló fẹ́ kí àwọn ọmọ fi ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe? Ó bó ẹ̀gúsí díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ló sọ tirẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò lè bímọ. Ọkọ náà ló kúnlẹ̀ bẹ ẹ́ pé kó lọ bá òun wá ọmọ wá láti ibikíbi, pé tó bá ti wọlé, tòun ni. Ìyá lọ lẹ́ẹ̀kan. Ràúfù dé. Ọkùnrin náà gbé ọmọ yẹn sẹ́jìká lọ sóko títí ẹsẹ̀ ọmọ fi ń wọ́lẹ̀. Àwọn méjèèjì ló mọ̀ ọ́n, ọ̀kan ti lọ, èkejì náà ń múra. Ó ní òun sọ ọ́ fún Àbẹ̀ní nítorí pé àlejò ni, àlejò á sì gbé ẹrù tirẹ̀ lọ. Ó ní kó má jẹ̀ẹ́ kó dé etí ẹnì kan. Àbẹ̀ní ní kò ní dé.

Ó dé etí Dókítà kí oòrùn tó wọ̀, ó sì dé etí mi. N kò ní purọ́ pé ojú tì wá. Inú wa dùn. Ìtàn inú ìwé wá dà bí ewé gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ìyá. Nígbà tí Àbẹ̀ní ní ẹ̀rù ń ba òun, Dókítà fi í lọ́kàn balẹ̀: a óò yí orúkọ padà.

Èmi ni mo yí i. Mo sọ àgbẹ̀ di awakọ̀. Mo sọ ọmọ kan di mẹ́rin. Mo gbé gbogbo wọn lọ sí ẹ̀bá Ìgbẹ́tì níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Mo sọ Ìyá di ọmọ ìjọ, mo wé gèlè ọjọ́ Ìsinmi fún un. Ohun kan ṣoṣo tí mo fi sílẹ̀ ni ọkọ tó kúnlẹ̀, nítorí n kò lè ronú kan ohun tó dára jù ú. Nígbà tí mo kà á tán, mo yin ara mi.

Ó wá ku orin tí Àbẹ̀ní yóò fi bẹ̀rẹ̀ eré. Ó ní òun lè lo èyí tí Ìyá kọ́ òun. Ó ki oríkì náà fún wa nínú yàrá Tíṣà. Dókítà di ojú, omi bọ́ lójú mi. Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀, ìwé ẹ̀rí yunifásítì márùn-ún ló sì wà láàárín wa. Kò sí ẹni tó rántí pé oríkì náà, orúkọ ni. Níbi tí a ti dàgbà, ohun tí wọ́n fi ń ṣe ìgbéyàwó lọ́ṣọ̀ọ́ ni.

*

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, ìlú péjọ sí àgbàlá ilé ẹ̀kọ́ Tíṣà. Ìyá Ràúfù jókòó níwájú, lórí àga kan ṣoṣo tó ní ìrọ̀rí. Àbẹ̀ní jáde pẹ̀lú gèlè ṣọ́ọ̀ṣì lórí, ó la ẹnu, ó kì wọ́n.

Mo fẹ́ kí ẹ rí i bí mo ti rí i. Gbogbo agbo ilé yẹn dìde. Àwọn àgbà ń mi orí, àwọn obìnrin ń gbè é. Ràúfù fúnra rẹ̀ bọ́ síta láti àárín àwọn ọkùnrin, ó ń rìn bí ẹni tí wọ́n gbé gẹṣin, ó lẹ owó mọ́ Àbẹ̀ní níwájú orí. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ìbàdàn ń ki ilé bàbá rẹ̀ lójú gbogbo ìlú, nígbà tó ku ọjọ́ méjì kó jẹ baálé.

Lẹ́yìn náà ni Àbẹ̀ní jókòó sórí ẹní, tó sọ pé ọkọ òun ló kúnlẹ̀ bẹ òun.

Ariwo kò sọ. Dókítà fi ìgúnpá gún mi, ó ní kí n gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn. Ohun tó ti ń wá láti Ìṣẹ́yìn ló rí. Èmi ń wo àwọn ènìyàn. Ní Ìbàdàn, tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ ba ẹni tó jókòó láàárín wa, gbogbo ojú ni yóò yí sí i. Níbẹ̀, ojú kan kò yí. Wọ́n ń wo ilẹ̀, wọ́n ń wo èékánná, wọ́n ń wo òkè bí ẹni pé òjò máa rọ̀ nínú ọyẹ́. Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún un. Ọ̀wọ̀ yẹn ni mo fi mọ̀ pé kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé Ìyá ni.

Ìyá Ràúfù jókòó títí eré fi parí. Nígbà tí Tíṣà pàtẹ́wọ́, òun náà pàtẹ́wọ́.

*

Wọ́n pè wá lẹ́yìn ìrun àárọ̀ ọjọ́ kejì, sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ agbo ilé náà. Bàbá Sùlé, tó jẹ́ àgbà ojúulé kejì, ló ń sọ̀rọ̀ fún wọn. Ó béèrè bí a ti jí. Dókítà dá a lóhùn pẹ̀lú àlàyé gígùn nípa àròsọ, pé gbogbo rẹ̀ ti inú ìwé wá, pé ẹni inú ìwé kì í ṣe ẹnikẹ́ni. Bàbá Sùlé gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó sì dúpẹ́.

"Ẹni tó kọ ìwé náà, Dókítà, ṣé ilé wa ló ti wá ni?"

Dókítà ní rárá.

"Oríkì wa wá ṣe dé inú rẹ̀?"

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé oríkì ló tú Ìyá fó. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní Ìyá kò sọ nǹkan kan fún wa ju oríkì lọ, pé orí ara mi ni mo ti hun ìyókù. Ó wò mí láìbínú.

"A gbà yín gbọ́, Ọ̀mọ̀wé. Ó rọrùn nígbà náà. Kí ìyàwó wa fi Kùránì búra pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni Ràúfù. Tó bá ti búra, ẹni tó bá tún dá a sọ, èmi lẹni náà máa bá jà."

Wọ́n bu omi fún Ìyá, ó ṣe àlùwàlá. Wọ́n gbé Kùránì lé e lọ́wọ́. Ràúfù kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, àgbà ọkùnrin bẹ́ẹ̀.

"Ẹ búra, Ìyá mi. Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ẹ búra ká lọ sóko."

Ó di ìwé náà mú pẹ́. Mo gbàdúrà kó purọ́, èmi tí kì í gbàdúrà. Ó na ọwọ́ sí sàréè tó wà níwájú ilé.

"Ohun tí mo ṣe, ẹni tó sùn síbẹ̀ yẹn ló rán mi. Ẹ bi í. Mi ò lè gbé èké dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run nítorí àga, Ràúfù. Mo ti sún mọ́ ọn jù."

Ràúfù dìde. Ó gbọn eruku kúrò ní orúnkún rẹ̀, ó mú ọkọ́, ó gba ọ̀nà oko lọ.

Wọn kò lé Ìyá. Wọn kò bú u. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kí i dáadáa, bí wọ́n ti ń kí àwa àlejò. Àbẹ̀ní fẹ́ lọ kúnlẹ̀ fún un. Tíṣà dì í mú, ó ní tó bá ti kúnlẹ̀ lójú wọn, ẹlẹ́rìí nìyẹn pé Ìyá ló sọ ọ́ fún un. Bàbá Sùlé fi àkùkọ kan ránṣẹ́ sí wa, nítorí àlejò kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Dókítà gbà á. Ó ní ìwà àwọn ará ibẹ̀ wú òun lórí.

*

Ní Ṣakí, Dókítà ní kí a ṣe eré náà bí ó ti wà, oríkì àti gbogbo rẹ̀. Ó ní ó ti pọ́n. Àbẹ̀ní kọ̀, ó wọ ọkọ̀ padà sílé. Èmi náà kúrò, ṣùgbọ́n ẹ má yìn mí. Ìgbà tí Tíṣà tẹ̀ mí láago ni. Ó ní wọ́n ti fi Bàbá Sùlé jẹ baálé, Ìyá sì ti di ẹrù rẹ̀ padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ìgànná.

Orí ọ̀kadà ni mo gbà dé Ìgànná, eruku pupa kùn mí dé eyín. Èéfín gàrí yíyan ló kọ́kọ́ pàdé mi. Mo bá a níbi tí àwọn obìnrin ti ń bẹ ẹ̀gẹ́, lábẹ́ igi máńgòrò. Ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà mọ́, ohùn mi ló fi mọ̀ mí. Ó ní ta ló gbé Ìjẹ̀bú wá. Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Mo ti to ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ jọ láti Ṣakí, ó gún régé, ó ní òwe mẹ́ta. Ó ní kí n jẹun ná. Wọ́n bu gàrí tútù fún mi, pẹ̀lú ẹ̀pà. Ó béèrè bóyá ikọ́ Àbẹ̀ní ti lọ.

Mo ṣì ń jẹ gàrí náà lọ́wọ́ nígbà tí Ràúfù dé lórí máṣíìnì rẹ̀, àpò iṣu lẹ́yìn rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. Kò wò mí. Àwọn obìnrin yòókù rántí iṣẹ́ tí wọ́n ní nínú ilé.

"Orúkọ rẹ̀ nìkan ni mo wá gbọ́," ó ní. "Mi ò ní ṣe é ní nǹkan kan."

"Ó ní ìyàwó, ó lọ́mọ. Ilé kan ti tú lórí ọ̀rọ̀ yìí."

"Ta wá ni kí n máa pè ní bàbá mi?"

"Ẹni tó gbé ọ lọ sóko."

"Wọ́n ti gba ìyẹn lọ́wọ́ mi, Ìyá."

Ìyá mú ẹ̀gẹ́ mìíràn. Ó bẹ ẹ́, ó jù ú sínú agbada, ó mú òmíràn. Ràúfù dúró títí ó fi bẹ mẹ́ta. Ó wá sọ àpò iṣu náà kalẹ̀ sídìí igi, ó gun máṣíìnì rẹ̀, ó lọ. Mo fi ojú sìn ín títí eruku fi bò ó.

"Ó ti lọ?"

"Ó ti lọ, Ìyá."

"Ó wẹ̀yìn?"

Kò wẹ̀yìn.

"Ó wẹ̀yìn, Ìyá. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wò yín."

Ọ̀bẹ rẹ̀ dúró díẹ̀.

"Irọ́ yín dáa," ó ní. "Irú èyí ló yẹ kí ẹ ti pa lọ́jọ́ eré yẹn."

Ó ní kí n bá òun kó iṣu náà wọlé kí oòrùn má baà pa á. Mo kó o wọlé.